Kí Ló Ń Ṣe Ọkọ̀ Mi? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Awakọ̀

Lẹ́tà tó wọlé sí ojú ewé yìí lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà wọ́n tán, mo rí i pé ẹjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń rò. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ kan tàbí méjì, owó ti lọ, àìsàn ọkọ̀ kò lọ. Ohun tó sì fà á ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo yan mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì gé wọn kúrú kí àyè lè gba ìdáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà, sà. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà ní Ìbàdàn. Bí mo bá wà á lọ sí Èkó lójú ọ̀nà márosẹ̀, kì í yọ mí lẹ́nu rárá, ṣùgbọ́n bí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road tàbí ní Challenge fún ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn a máa gun òkè. Mẹkáníìkì mi yọ tẹmósítáàtì dànù, ó ní ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Ó sàn díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ó ní kí n lọ ra rédíétọ̀ tòkúnbọ̀ ní Gáàtì. Ṣé kí n rà á? — Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á o, Bàbá Ìbejì. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ àìsàn ọkọ̀ náà sínú lẹ́tà yín: bí ó bá dúró, a gbóná, bí ó bá ń sáré, ara rẹ̀ a balẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu iwájú rẹ̀ ló ń gba inú rédíétọ̀ kọjá, òun ló sì ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Nígbà tí ó bá dúró, kò sí atẹ́gùn mọ́ àfi èyí tí fáànù bá fà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan, fáànù ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ká ní orí eré ló ti ń gbóná ni, tó sì jẹ́ pé ara rẹ̀ a máa balẹ̀ bí ẹ bá rọra ń lọ, ìgbà yẹn ni à bá máa sọ̀rọ̀ rédíétọ̀ tó dí, tàbí ti wọ́tà pọ́ǹpù tí kò lè ti omi dáadáa mọ́.

Àyẹ̀wò yìí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ amúlétutù. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bíi tiyín, fáànù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìpẹ́. Bí kò bá yí, ẹ jẹ́ kí rìwáyà yọ fíúsì fáànù wò bóyá ó ti jó, kí ó sì yọ rìlé fáànù, ẹ̀yà kékeré tó ń tan iná sí i, kí ó fi òmíràn tó jọ ọ́ nínú àpótí kan náà dán an wò. Bí kò bá tún yí, kí ó fi wáyà fa iná láti orí bátìrì lọ sára mọ́tò fáànù ní tààrà. Bí mọ́tò bá yí nígbà náà, ara tirẹ̀ le, ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ní àbùkù. Bí kò bá yí, tàbí tó ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn, mọ́tò ti lọ nìyẹn, òun nìkan ni kí ẹ sì rà. Mo ti rí fáànù tó ń yí lójú gbogbo èèyàn, tí wọ́n sì gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo na ìwé pélébé kan sí iwájú rédíétọ̀, ìwé náà já bọ́ sílẹ̀. Fáànù tí agbára rẹ̀ pé yóò fa ìwé náà mọ́ra, ìwé náà kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká apá aṣọ yín sókè kí ẹ tó sún mọ́ ọn, nítorí pé fáànù ọkọ̀ mìíràn lè ṣàdédé yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí tẹmósítáàtì, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ dànù nílẹ̀ wa, àlàyé kan náà ni wọ́n sì ń ṣe fún ẹni tó ni ọkọ̀. Kì í ṣe otútù ìlú ni nǹkan kékeré yẹn ń ṣọ́. Ìda kan wà nínú rẹ̀ tí kì í yọ́ àfi bí omi ẹ́ńjìnnì bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí wọ́n bá ṣe ṣe é fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìda náà bá yọ́, a wú, a ti ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí, omi a sì ráyè lọ sínú rédíétọ̀. Ọ̀sán Ìbàdàn tó mú jù lọ kì í sábà dé ìwọ̀n 40, ìyẹn ni pé oòrùn wa kò tíì dé ìdajì ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá yọ tẹmósítáàtì, omi yóò máa ṣàn láìsí ìdádúró, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, yóò sì máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ lè máa bá mẹkáníìkì jà pé ọkọ̀ ń jẹ epo, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ọjọ́ tó yọ tẹmósítáàtì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ara ọkọ̀ yín fi balẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn. Omi tó ń ṣàn láìdúró ló fi àìsàn fáànù pamọ́ fúngbà díẹ̀.

Ẹ ra tẹmósítáàtì tuntun. Kí wọ́n tó fi sí i, ẹ gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná, kí ẹ dúró tì í. Bí omi bá ń gbóná lọ, ẹ ó rí i bí ó ṣe ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀, bí omi bá sì tutù, yóò pa ẹnu dé. Èyí tí kò bá la ẹnu títí omi fi hó, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ohun mẹ́ta ló kù. Ẹ wo rọ́bà tó wà nínú ìdérí rédíétọ̀ yín. Omi a máa hó ní ìwọ̀n 100, ṣùgbọ́n ìdérí tó bá dì dáadáa a máa há agbára mọ́ inú, tí omi kò fi ní hó títí ooru yóò fi sún mọ́ ìwọ̀n 120. Bí rọ́bà náà bá ti sán tàbí tó ti dẹ̀, omi yóò máa hó ṣáájú àkókò, yóò sì máa dà nù. Ìdérí kò wọ́n, síbẹ̀ òun ni a máa ń gbàgbé. Èkejì ni pé kí ẹ má ṣe ṣí i nígbà tó bá gbóná, bó ti wù kí ìkánjú pọ̀ tó. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan fi àkísà bo ìdérí, ó sì yí i. Omi náà fò sókè, ó bó apá rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ó ti di ọ̀gá báyìí, àpá náà kò sì tíì parẹ́. Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ yín ti gbóná lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ kí ẹ wò ó. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí ògì, tàbí tí omi inú rédíétọ̀ ń ta bóbó láìdúró bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, kò dí mọ́ nìyẹn, kí ẹ sì dẹ́kun wíwà á títí wọn yóò fi tú orí ẹ́ńjìnnì náà.

Ìbéèrè: Mo ra Honda Accord ọdún 2008 ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, inú mi sì dùn pé iná ẹ́ńjìnnì kò tàn rí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, rìwáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù náà nítorí nǹkan mìíràn, ó sì fi hàn mí pé wọ́n ti fi téèpù dúdú bo ojú iná náà. Kí ni kí n ṣe? — Olùkọ́ kan, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Olùkọ́. Ẹni tó ṣe èyí mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà, ó sì pa á mọ́ fún yín. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Ẹ yọ téèpù náà kúrò lónìí, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kóòdù, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń ròyìn àìsàn. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ìhò kan náà tí ẹ̀rọ yìí ń wọ̀, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni ó sì wà, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹ ó torí rẹ̀ lọ sí Èkó.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ kóòdù náà sílẹ̀ fún yín kí ó tó pa á rẹ́. Kóòdù kì í sọ ẹ̀yà tó bàjẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà rí ló ń sọ. Bí ó bá gbé P0171 jáde, ohun tó ń wí ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún epo tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ páìpù atẹ́gùn kan ló ya, ó lè jẹ́ epo ni kò dé tó, ó sì lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn ló dọ̀tí. Ẹni tó bá wo kóòdù yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ń fi owó yín ta tẹ́tẹ́ ni. P0420 ní tirẹ̀ ń sọ nípa kátálístì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà. Bí kóòdù yìí bá jáde, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ rí i bóyá kátálístì ṣì wà níbẹ̀, torí pé àwọn kan ń yọ ọ́ tà nítorí àwọn irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ ra ọkọ̀: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń tàn, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn níbẹ̀, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí. Bí kò bá tàn rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè: Nissan Rogue ọdún 2010 ni mo ní. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíá fún mi, ọ́ìlì pupa ni wọ́n rọ sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá fi sí gíá láàárọ̀, yóò dúró díẹ̀ kó tó gbéra, ó sì ń han bí kòkòrò. Wọ́n ní kí n ra gíá Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn tòkúnbọ̀, ní Ládípọ̀. — Òṣìṣẹ́ báńkì, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ mi, ọ́ìlì náà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Gíá ọkọ̀ yín kì í ṣe irú tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi kọ́ṣẹ́. CVT ni: ìgbànú irin kan ló ń yí láàárín àwo irin méjì méjì, gígbá tí irin gbá irin mú sì ni ó fi ń wa ọkọ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún un, tí Nissan ń pè ní NS-2, ni kì í jẹ́ kí ìgbànú náà yọ̀. Ọ́ìlì pupa tó wọ́pọ̀, iṣẹ́ gíá mìíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n tú àwo ìsàlẹ̀ gíá, kí ẹ sì wà níbẹ̀ fúnra yín. Òòfà wà nínú àwo yẹn tó ń mú ìgbẹ́ irin. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá kúnná bí tìróò, ìrètí wà. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ọ́ìlì tó yẹ ṣan inú gíá, kí wọ́n sì rọ òmíràn sí i. Bí ẹ bá rí ẹ̀rún irin tó lè gún ìka, gíá náà ti jẹ ara rẹ̀, mi ò sì ní tàn yín pé ọ́ìlì yóò wò ó sàn. Bó bá di dandan kí ẹ ra Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ gba ìwé pé ẹ lè dá a padà láàárín ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ra ọ́ìlì rẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ padà bá ẹni tó rọ ọ́ìlì pupa náà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn, kí ó lè mọ̀, nítorí ọkọ̀ ẹlòmíràn tí yóò wọlé tọ̀ ọ́ lọ́la.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ Sienna ni mo fi ń kó ọjà. Táyà tòkúnbọ̀ rọ̀ mí lọ́rùn ju tuntun lọ, ṣùgbọ́n méjì ti bẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lọ́dún yìí. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó dára? — Ìyá Aládìrẹ, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Aládìrẹ, ẹ sì kú ewu. Rọ́bà a máa gbó bí táyà kò tilẹ̀ tẹ ilẹ̀ rí. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára táyà, kí ẹ tẹ̀lé e títí dé ìparí, ẹ ó rí nọ́mbà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 3214, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí fókánáísà yí i kí ẹ wò ó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èmi kò ní fi táyà tòkúnbọ̀ sí ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn àti ẹrù. Bí owó tuntun mẹ́rin kò bá sí, ẹ ra méjì kí ẹ fi sẹ́yìn, torí pé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá yọ̀ ṣòro láti dárí ju èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ yọ̀ lọ. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Nọ́mbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ tẹ̀lé, òpin ohun tí táyà náà lè gbà ni ìyẹn. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè: Mo ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ló ṣì wà lórí ìwé. Ẹnì kan sì fẹ́ ta ìwé adójútòfò fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Ṣé ó tọ́? — Adó-Èkìtì.

Ìdáhùn: Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni adójútòfò tó kéré jù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni, nítorí náà ìwé lásán ni ẹni yẹn fẹ́ tà fún yín. Kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò dáhùn lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ lu ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ lọ yí orúkọ padà ní ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí ọwọ́ yín ṣì ń tó ẹni tó tà á, torí pé ẹ ó nílò ìwé àti ìbọ̀wọ́lùwé rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi nọ́mbà ṣáṣì lórí ìwé wé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lẹ́tà àti nọ́mbà 17 ni lápapọ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, èyí tó ṣe ìkẹwàá nínú wọn ni yóò sọ ọdún rẹ̀: 5 ni 2005, A ni 2010.

Ìbéèrè: Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin níbí, inú ìgò lẹ́bàá títì ni púpọ̀ nínú wa ti ń ra epo, kpayo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà. Bí mo bá tẹ epo láti ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, ọkọ̀ mi a máa fà sẹ́yìn, ó sì ń kú nígbà mìíràn. Mo ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò yí padà. — Onílé ìtàwé, Àjàṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Bí ọkọ̀ bá ń rìn dáadáa ní jẹ́jẹ́, tó wá ń kùnà nígbà tí a bá béèrè agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé epo kò dé tó. Kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun tó mọ́, kí ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí iná kò sí fún wákàtí kan. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà, bí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i tó dúró nísàlẹ̀ gedegbe, pẹ̀lú ìlà láàárín òun àti epo, iyanrìn tàbí ìpẹtà yóò sì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo fò sókè lọ́dọ̀ yín, mo sì mọ̀ pé láti ìgbà náà, lítà kan sí méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan. Táǹkì tó bá ń wà ní ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo a máa ba pọ́ǹpù tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì jẹ́ lọ́nà méjì. Inú epo ni pọ́ǹpù náà jókòó sí, epo yẹn ló sì ń mú un tutù. Bí epo bá lọ sílẹ̀, ooru yóò máa jẹ ẹ́. Ìdọ̀tí tó sùn sísàlẹ̀ ni yóò sì máa fà mu. Kí wọ́n fọ táǹkì, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà epo, kí wọ́n sì fi gééjì wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo nígbà tí ẹ bá tẹ epo, kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Pọ́lọ́ọ̀gì àtijọ́ yín, ẹ má sọ wọ́n nù bí orí wọn kò bá tíì jẹ, ẹ lè tún lò wọ́n. Lẹ́yìn tí táǹkì bá ti mọ́, ẹ máa fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan sílẹ̀, kí ẹ sì tún ṣe àyẹ̀wò inú ìgò náà pẹ̀lú epo tí ẹ bá kọ́kọ́ rà, kó tó wọ táǹkì. Bí ìlà bá hàn nínú rẹ̀, ẹ gbé ìgò náà lọ fi han ẹni tó ta á fún yín.